Ìlú Tó Ń Gbè Lẹ́yìn Ẹ́ńjìnnì, Tó Fi Ìjánu Sílẹ̀

Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta ọdún 1979, nígbà tí àwọn ọkọ̀ Formula 1 tò kalẹ̀ ní pápá Kyalami, ní apá àríwá Johannesburg, ọkọ̀ Renault tí Jean-Pierre Jabouille ọmọ ilẹ̀ Faransé ń wà ló wà níwájú gbogbo wọn. Tọ́bò ló wà lára ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà, kò sì tíì sí ọkọ̀ tọ́bò kankan tó gba ipò iwájú bẹ́ẹ̀ rí nínú ìdíje Formula 1. Nígbà tó di ọdún 1980, René Arnoux fi Renault tọ́bò borí ìdíje náà pátápátá ní pápá yìí kan náà. Kò lè ya ẹni tó mọ ibi tí Johannesburg wà lẹ́nu. Ìlú náà ga tó nǹkan bí mítà 1,750 sí ìtẹ́jú òkun. Kyalami rẹlẹ̀ díẹ̀ ju àárín ìlú lọ, ṣùgbọ́n orí òkè náà ló ṣì wà. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́, ó fi bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fúyẹ́ ju ti etí òkun lọ. Ẹ́ńjìnnì tó bá ń dá fa afẹ́fẹ́ sínú ara rẹ̀ yóò pàdánù agbára tó tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ńṣe ni tọ́bò ń fi tipátipá kó afẹ́fẹ́ wọnú ẹ́ńjìnnì, nítorí náà àdánù tirẹ̀ kéré. Ìdí rèé tí ẹni tó fẹ́ràn eré ní Johannesburg títí dòní fi ń wá ọkọ̀ tọ́bò kiri: Golf GTI àti Golf R ti Volkswagen, Audi RS3, BMW M3 tuntun, Mercedes-AMG A45. Kò sì tán síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì ṣe, kí wọ́n lè fi ohun tí wọ́n ń pè ní Stage 1 tàbí Stage 2 kún agbára tó bá ọkọ̀ wá láti ilé iṣẹ́.

Afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́ tí tọ́bò ń borí yìí, bíréèkì kò ní ohun tó máa fi borí rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ kọjá lára bíréèkì ló ń gba ooru kúrò lára rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ti fúyẹ́, ooru tí yóò lè gbé lọ dín kù nìyẹn. Afẹ́fẹ́ náà ló tún máa ń dá ọkọ̀ dúró díẹ̀díẹ̀ lórí eré. Bó bá fúyẹ́, ọkọ̀ tọ́bò lè fi eré tó pọ̀ ju ti Durban létí òkun dé òpin títì, iṣẹ́ tó máa já lé bíréèkì léjìká á sì pọ̀ sí i. Búsítà náà tún wà níbẹ̀, ìyẹn agolo ńlá dúdú tó wà lẹ́yìn pẹ́dà, tó ń bá awakọ̀ tẹ bíréèkì. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, afẹ́fẹ́ ìta tó ń ti apá kan agolo náà nígbà tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ kúrò ní apá kejì ló ń ṣe ìrànlọ́wọ́ yìí. Agbára tí afẹ́fẹ́ ìta fi ń ti nǹkan ní Johannesburg sì fi bí ìdá kan nínú márùn-ún dín sí ti etí òkun, nítorí náà ẹsẹ̀ awakọ̀ gbọ́dọ̀ ṣe èyí tó kù. Àwọn ọkọ̀ tuntun kan ti ń lo búsítà oníná tí kò bìkítà fún afẹ́fẹ́, àmọ́ wọn kò tíì pọ̀ jù lójú títì. Ẹni tó bá wá fi agbára kún ẹ́ńjìnnì ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, tí kò ro ti ìjánu, ìlàjì iṣẹ́ ló ṣe. Títí débí, ó ṣòro láti rí ẹni tó máa jiyàn. Ibi tí èmi àti ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tajà ti pínyà ni ohun tó yẹ kí ẹ rà. Ọkọ̀ alágbára kì í sábà ṣaláìní agbára láti di wíìlì mú. Ooru ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, owó tí kò bá sì lọ síbi ooru, owó ọ̀ṣọ́ ni.

Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ náà fínnífínní. Agbára tó wà lára ọkọ̀ tó ń sáré kò lè pòórá lásán. Bíréèkì ń sọ ọ́ di ooru ni: páàdì méjì á fún dísìkì, irin róbótó tó ń bá wíìlì yí, mọ́ àárín, wọ́n á sì máa gbo ara wọn títí ọkọ̀ yóò fi rọra. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ooru tí bíréèkì máa gbà di ìlọ́po mẹ́rin. Ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 200 láàárín wákàtí kan gbé ìlọ́po mẹ́rin ẹrù èyí tó ń sá 100 dání. Èyí tó ń sá 250 gbé ìlọ́po mẹ́fà àti díẹ̀. Ẹ mú ọkọ̀ tó wúwo tó kìlógíráàmù 1,500, tó ń bọ̀ lórí 200, tí awakọ̀ fẹ́ kó rọra dé 80 kó tó wọ kọ́nà. Bí bíréèkì iwájú bá gbé ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ náà, tí dísìkì iwájú kọ̀ọ̀kan sì wúwo tó kìlógíráàmù 8, ìṣirò fi hàn pé títẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo yẹn á fi bí dígíríì 185 kún gbígbóná dísìkì kọ̀ọ̀kan. Bí dísìkì bá jẹ́ kìlógíráàmù 11, iye yẹn á já wálẹ̀ sí bí 135. Iṣẹ́ dísìkì ńlá gan-an nìyẹn: ó ní ara púpọ̀ tó lè tọ́jú ooru sí, ó sì ní ojú tó fẹ̀ tí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí. Kyalami, tí Toby Venter ọ̀gá Porsche ní South Africa rà ní gbàǹjo ní ọdún 2014 ní mílíọ̀nù 205 owó rand, tí wọ́n sì tún ṣe lákọ̀tun, gùn tó kìlómítà mẹ́rin ààbọ̀, ó ní kọ́nà 16. Ibì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Mineshaft, níbi tí títì ti da gẹ̀rẹ́ lọ sísàlẹ̀, tí ìwúwo ọkọ̀ fúnra rẹ̀ á tún máa tì í. Kí dísìkì tó tutù lẹ́yìn kọ́nà kan, òmíràn ti dé. Páàdì tí wọ́n ṣe fún ojú títì lásán kì í pẹ́ kọjá ibi tó lè fara dà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ á máa tẹ̀, ọkọ̀ kò ní fẹ́ gbọ́.

Ìtàn ìdíje ọkọ̀ jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ ooru yìí. Nínú ìdíje wákàtí 24 ti Le Mans ní ọdún 1953, Jaguar C-type tí Tony Rolt àti Duncan Hamilton jọ wà ló gbégbá orókè, bíréèkì onídísìkì tí Dunlop ṣe ló sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ nígbà tí àwọn ọkọ̀ tó ń bá a du ipò ṣì ń lo dúrọ́ọ̀mù. Dúrọ́ọ̀mù kì í ṣe ọ̀lẹ o. Ó lè dá ọkọ̀ dúró wọ̀ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Àmọ́ inú agolo ló ti ń gbo, ibẹ̀ náà ni ooru rẹ̀ ń há sí, nígbà tí dísìkì wà ní gbangba tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí i. Ohun tí Jaguar fi borí ni pé bíréèkì rẹ̀ ní aago mẹ́rin ìdájí ṣì ṣeé fọkàn tán bíi ti ìrọ̀lẹ́ àná. Àwọn tó ti sá ìdíje wákàtí 9 ní Kyalami mọ ìtumọ̀ ìyẹn dáadáa.

Ẹni tó ń ta kálípà pupa onípísítìnì mẹ́fà, ìyẹn ẹ̀yà bíréèkì tó ń ti páàdì mọ́ dísìkì, á ní ká mú sùúrù: ṣebí bíréèkì ńlá á tètè dá ọkọ̀ dúró ju kékeré lọ? Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, kò kàn fi bẹ́ẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ ni. Bíréèkì ń dá wíìlì dúró. Bí táyà ṣe di títì mú ló ń pinnu ibi tí ọkọ̀ yóò dúró sí. Láti ọdún 1978 tí Bosch àti Mercedes-Benz ti gbé ABS, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí bíréèkì di wíìlì pa, jáde lára ọkọ̀ S-Class, ọ̀nà ti wà láti mọ èyí tó lágbára jù nínú méjèèjì. Bí ẹ bá wà níbi tí kò léwu, tí ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ pátápátá lórí 100, tí pẹ́dà sì ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, ABS ló ń sọ fún yín pé agbára bíréèkì ti ju ohun tí táyà lè gbà lọ, òun sì ti ń bá yín dín in kù. Ọkọ̀ eléré tó wọ táyà gidi máa ń dúró láti 100 láàárín nǹkan bí mítà 35 sí 40 lórí títì gbígbẹ. Ẹ fi kálípà onípísítìnì mẹ́fà sí i, kí táyà má yí padà, ibẹ̀ náà ló máa dúró sí lẹ́ẹ̀kíní. Ìgbà kẹjọ tàbí ìkẹwàá ni ìyàtọ̀ yóò hàn, nígbà tí bíréèkì kékeré ti gbóná kọjá ààlà. N kò ní kálípà ńlá kò wúlò fún nǹkan míì. Pẹ́dà a máa le dáadáa lábẹ́ ẹsẹ̀, awakọ̀ a sì lè díwọ̀n bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó mọ ọkọ̀ wà yóò mọyì ìyẹn. Kò kàn gé mítà kan kúrò nínú ìdúró ojijì tí ọmọ bá ṣàdédé sáré wọ títì ni.

Táyà ni owó yẹ kó kọ́kọ́ lọ sí, nígbà náà. Òfin South Africa gbà kí ojú táyà jẹ títí ó fi ku mílímítà 1 kó tó di ẹ̀ṣẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mílímítà 1.6 ni ààlà. Táyà tó ku mílímítà 1 lè tẹ́ òfin lọ́rùn, kò lè tẹ́ òjò Johannesburg lọ́rùn. Láti bí oṣù Kẹwàá títí di oṣù Kẹta, òjò alárá máa ń já lu ìlú náà lọ́sàn-án tàbí ìrọ̀lẹ́, lójijì, lẹ́yìn oṣù púpọ̀ tí epo àti eruku ti ń gbẹ mọ́ ojú títì. Ojú táyà tí kò ní kòtò tó lè lé omi jáde á gorí omi, ọkọ̀ á máa yọ̀, kò sì sí bíréèkì kan láyé, ì báà jẹ́ ti Ferrari, tó lè ṣe ohunkóhun sí i. Ká má sì gbàgbé pé ní 120, tí í ṣe òpin eré lórí òpópónà márosẹ̀ níbẹ̀, ọkọ̀ ń jẹ mítà 33 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kí ẹsẹ̀ tó kúrò lórí ìfiná dé orí bíréèkì rárá.

Òróró bíréèkì ló tẹ̀ lé táyà, òun sì ni mo gbà pé àwọn ènìyàn ń fojú kéré jù lọ, bóyá torí pé kò ṣeé fi yangàn. Ẹni kan kì í ya fọ́tò òróró bíréèkì. Síbẹ̀ òun ló ń gbé agbára ẹsẹ̀ awakọ̀ dé ọ̀dọ̀ páàdì, ohun tó sì jẹ́ kó lè ṣe é ni pé nǹkan olómi kò ṣeé fún pọ̀. Bó bá gbóná títí ó fi hó, ó di èéfín nínú páìpù, èéfín sì ṣeé fún pọ̀: pẹ́dà á rọ̀ wọlẹ̀ dé abẹ́, ọkọ̀ á máa lọ. Òróró tí wọ́n ń pè ní DOT 4 gbọ́dọ̀ lè fara da dígíríì 230 kó tó hó nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun. Àmọ́ irú òróró yìí a máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́, díẹ̀díẹ̀, gba ara rọ́bà àti ìdérí kọjá; nígbà tó bá ti mu omi dé ìwọ̀n tí wọ́n fi ń dán an wò, 155 ni òfin ní kó lè fara dà. DOT 5.1 jẹ́ 260 nígbà tó bá jẹ́ tuntun, 180 nígbà tó bá ti mu omi. Àwọn òróró ìdíje kan a máa kọjá 300. Etí òkun sì ni ìwọ̀n gbogbo ìyẹn dúró lé. Omi tó ń hó ní 100 ní Èkó máa ń hó ní nǹkan bí 94 ní Johannesburg, nítorí pé afẹ́fẹ́ tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kò pọ̀ tó. Òróró bíréèkì náà kò yọ ara rẹ̀ nínú òfin yìí. Ẹni tó gbé GTI tí òróró inú rẹ̀ ti lo ọdún mẹ́rin lọ sí Kyalami ń tọrọ wàhálà, iye tí yóò sì fi pààrọ̀ òróró náà kò tó owó epo tí yóò jó lọ́jọ́ náà. Ọdún méjì-méjì ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ní kí wọ́n máa pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń lọ pápá ìdíje kò gbọdọ̀ dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún nọ́ńbà kan níbi yìí o: DOT 5, láìsí .1 lẹ́yìn rẹ̀, jẹ́ oríṣi mìíràn pátápátá tí wọ́n fi sílíkónì ṣe. Kò ṣeé pò mọ́ àwọn tó kù, kò sì bá ABS mu. Ìyàtọ̀ 5 àti 5.1 lára ike kéré lójú, kò kéré lẹ́sẹ̀ ọkọ̀.

Páàdì ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ takókó jù, nítorí pé ibẹ̀ ni ohun tó dára níbì kan ti máa ń burú níbòmíràn. Gbogbo páàdì ló ní ìwọ̀n ooru tó ti ń mú dáadáa. Ti ojú títì ń mú láti àárọ̀ kùtùkùtù, nígbà tí kò tíì gbóná rárá. Tí ooru bá pọ̀ jù, á máa yọ̀ lára dísìkì, ohun tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ pọ̀ á sì máa jó. Ti pápá ìdíje yàtọ̀ sí i pátápátá: ó lè fara da ooru tó pọ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ó nílò kí ó kọ́kọ́ gbóná kó tó lè mú. Johannesburg sì máa ń tutù ní òwúrọ̀ oṣù Kẹfà àti oṣù Keje, dé ibi tí omi ń dì lórí koríko. Ẹni tó fi páàdì ìdíje jáde nílé láàárọ̀ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ lè tẹ bíréèkì níbi iná ìdarí ọkọ̀ àkọ́kọ́ kí ọkọ̀ má fẹ́ dúró, ariwo rẹ̀ á sì ta gbogbo àdúgbò jí. Páàdì àárín-méjì wà, tí wọ́n ṣe fún ẹni tó ń lo ọkọ̀ kan náà fún ojúmọ́ àti fún ọjọ́ eré. Òun ni èmi yóò sọ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn pé kí wọ́n rà. Ẹni tó sì mọ̀ pé pápá gan-an lòun ń lọ, kí ó ní oríṣi méjì, kí ó máa pààrọ̀ wọn. Ohun kan tún wà tí àwọn mẹkáníìkì mìíràn máa ń fo: páàdì tuntun gbọ́dọ̀ bá dísìkì mọ ara wọn. Ẹ ó tẹ bíréèkì léraléra láti orí eré tó mọ níwọ̀n, láìjẹ́ kí ọkọ̀ dúró pátá, kí ooru lè fi ìpele tẹ́ẹ́rẹ́ lára páàdì lẹ̀ mọ́ ojú dísìkì dọ́gbadọ́gba. Bí wọn kò bá ṣe é, ọkọ̀ á máa gbọ̀n ní ìdúró, wọ́n á sì ní dísìkì ti wọ́.

Nígbà tí táyà, òróró àti páàdì bá ti wà ní ipò tó yẹ, tí ooru ṣì ń borí bíréèkì, ìgbà yẹn ni dísìkì ńlá àti kálípà ńlá tó ní ìdí. Ọ̀nà tó dẹrùn jù tí kò sì léwu ni ká wá ti àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n ọkọ̀ náà láti ilé iṣẹ́ kan náà. Golf 7 GTI tí kò ní àfikún Performance Pack ní dísìkì iwájú tó jẹ́ mílímítà 312. Golf R àti GTI tó ní àfikún náà ní 340. Volkswagen fúnra rẹ̀ ló ti ṣe ìṣirò ìyẹn, ABS sì mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá gba ọ̀nà mìíràn, tó ra odidi bíréèkì lọ́wọ́ àwọn bíi Brembo ti Ítálì tàbí AP Racing ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbọ́dọ̀ rí i dájú pé ọkọ̀ tirẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe é fún. Iwájú àti ẹ̀yìn ń pín iṣẹ́ láàárín ara wọn ní ìwọ̀n kan. Ẹni tó sọ iwájú di ńlá láìka ẹ̀yìn sí lè mú kí iwájú máa ṣe gbogbo iṣẹ́, kí ẹ̀yìn máa ṣeré, kí ọkọ̀ sì pẹ́ dúró ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Rírà rẹ̀ lówó gọbọi kò ní kó máà ṣẹlẹ̀. Wíìlì náà ńkọ́? Dísìkì ńlá kò ní wọ inú wíìlì kékeré, wíìlì ńlá sì wúwo, táyà rẹ̀ sì pẹlẹbẹ, ihò ojú títì Joburg sì ń dúró dè é. Ní ti dísìkì oníhò, ẹwà rẹ̀ pọ̀ ju èrè rẹ̀ lọ. Etí ihò ni irin ti sábà máa ń kọ́kọ́ là bí ooru bá pọ̀. Èyí tí wọ́n fa ìlà sí lára sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn dísìkì kábọ́ọ̀nù onísẹ̀rámíìkì, irú èyí tí Porsche fi sára 911 GT2 ní ọdún 2001, tí kálípà rẹ̀ máa ń jẹ́ yẹ́lò, fúyẹ́ tó ìlàjì irin, kì í sì bẹ̀rù ooru, àmọ́ owó tí wọ́n ń gbà láti pààrọ̀ rẹ̀ lè ra ọkọ̀ kékeré kan. Nǹkan ìyanu ni. Kì í ṣe fún ẹni tó ń wá páàdì ẹ̀dínwó.

Àtakò kan wà tí mo bọ̀wọ̀ fún ju ti oníkálípà pupa lọ. Àwọn kan ní àwọn ẹnjiníà ilé iṣẹ́ ọkọ̀ gbọ́n jù wá lọ, wọ́n ti ná owó ńlá láti dán bíréèkì wò, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ kàn án. Òótọ́ ni fún ọkọ̀ tí wọ́n tà. Àmọ́ ọkọ̀ tí wọ́n tà kọ́ ni ọkọ̀ tí wọ́n ti fi Stage 2 sí mọ́. Ilé iṣẹ́ ṣe bíréèkì fún agbára kan, eré kan àti irú ìlò kan. Ẹni tó yí àwọn yẹn padà ti fọwọ́ ara rẹ̀ fa ìwé àdéhùn náà ya. Àwọn ilé iṣẹ́ náà sì ń jẹ́rìí sí i fúnra wọn, nítorí nígbà tí wọ́n bá fi agbára kún ọkọ̀ kan náà, dísìkì ni wọ́n ń sọ di ńlá pẹ̀lú rẹ̀, bí ti Golf tí mo mẹ́nu bà. Ohun tí mo gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń takò mí níbí ni ìṣọ́ra tó yẹ ká ní: ká má ṣe fọwọ́ kan ABS, ká má ṣe gé tàbí jó irin ìdúró kálípà, ká má ṣe gbà kí mẹkáníìkì kan ṣe bíi pé bíréèkì jọ rédíò.

Àwọn míì á ní kò kàn wọ́n, torí pé Sandton sí Soweto ni wọ́n ń lọ, wọn kò mọ Kyalami ju ibi tí wọ́n ń gbà kọjá lọ. Mo bá wọn gbà ju bí wọ́n ṣe rò lọ: ọkọ̀ tí kò kúrò lójú títì, tó ń pa òfin 120 mọ́, kò nílò kálípà ńlá kankan. Ó nílò táyà, òróró tuntun àti páàdì gidi, ó tán. Àfi ìrìn àjò Durban ní ìsinmi ọdún. Òpópónà N3 ń já wálẹ̀ láti orí òkè Johannesburg gba Van Reenen's Pass kọjá, láàárín ọkọ̀ akẹ́rù tó pọ̀ bí eéṣú, níbi tí èèyàn ti lè fẹsẹ̀ lé bíréèkì láìgbé e kúrò fún ọ̀pọ̀ kìlómítà. Irú lílò bẹ́ẹ̀ ló ń mú òróró hó lára ọkọ̀ ilé lásán. Oògùn rẹ̀ kì í ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀: kí awakọ̀ fi ọkọ̀ sí jíà ìsàlẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ máa dì í mú. Àwọn olólùfẹ́ Gusheshe náà wà, ìyẹn BMW 325iS tí wọ́n ṣe ní Rosslyn, Pretoria, tí àwọn ọmọ Soweto fi ń yí ọkọ̀ po nínú èéfín táyà, eré tí wọ́n gbà wọlé gẹ́gẹ́ bí eré ìdíje ní ọdún 2014. Níbẹ̀, táyà ẹ̀yìn ló ń jó, bíréèkì kò fi bẹ́ẹ̀ gbóná. Àmọ́ ọkọ̀ náà ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Páìpù rọ́bà tó ń gbé òróró lọ sí wíìlì a máa gbó, a máa wú bí wọ́n bá tẹ bíréèkì, agbára ẹsẹ̀ á sì ṣòfò sínú ìwúwú rẹ̀. Ẹni tó ní Gusheshe, kó pààrọ̀ páìpù kó tó ronú kan dísìkì.

Ọ̀rọ̀ ọjà gan-an ṣì kù. Ní òpópónà Jules Street, láàárín àwọn ilé ìtajà ọkọ̀ àti ẹ̀yà ara ọkọ̀ tó tò lọ títí ojú kò fi lè rí òpin wọn, àti nínú àwọn ẹ̀ka ilé ìtajà Midas àti Goldwagen káàkiri ìlú, páàdì oríṣiríṣi wà fún oríṣiríṣi owó. Ayédèrú náà wà lọ́jà, bó ṣe wà ní ọjà Ládìípọ̀ l'Ékòó, kò sì sí ẹ̀yà ara ọkọ̀ tí ayédèrú ti léwu tó ti bíréèkì. Páàdì tí iye rẹ̀ kéré lọ́nà tí kò bọ́gbọ́n mu ní ìdí tó fi kéré. Ìdérí kálípà tí wọ́n kọ Brembo sí, tí wọ́n fi bo kálípà kékeré tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, burú ju ọ̀ṣọ́ lásán lọ, nítorí pé ó ń dí afẹ́fẹ́ tó yẹ kó fẹ́ sí i. Ẹni tó bá yí bíréèkì padà gbọ́dọ̀ sọ fún ilé iṣẹ́ adójútòfò ọkọ̀ rẹ̀; bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ tí wọ́n sì rí ohun tí kò sí nínú ìwé, wọ́n lè kọ̀ láti sanwó. Ní South Africa, ọkọ̀ ìlò ara ẹni kì í sábà lọ fún àyẹ̀wò bó ṣe yẹ fún ojú títì àfi nígbà tó bá ń yí ọwọ́ olówó padà, nítorí náà ọkọ̀ lè wà lọ́wọ́ ẹnì kan fún ọdún mẹ́wàá láìsí ẹni tó wo bíréèkì rẹ̀ lójú òfin. Olówó ọkọ̀ nìkan ló kù.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Kempton Park, Yeoville, Rosettenville, àti ẹ̀yin tí ẹ wà nílé tí ẹ ń wa tòkunbọ̀ eléré lórí òpópónà Èkó sí Ìbàdàn: kí ẹ tó béèrè iye owó kálípà pupa, ẹ béèrè lọ́wọ́ mẹkáníìkì yín ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ òróró bíréèkì kẹ́yìn. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, iṣẹ́ àkọ́kọ́ yín nìyẹn.